Obìnrin Tí O Ní Mo Rán Sí Ọ

Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo kí ọkọ rẹ níbi tó wà lórí omi, kí Ọlọ́run tó ni omi bá wa ṣọ́ ọ títí ọkọ̀ wọn yóò fi gúnlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo kí ẹni kékeré tí a ò tíì fojú rí, tó ti sọ ọ́ di ẹlẹ́sẹ̀ wíwú. Àlàáfíà yín ni mo fẹ́ máa gbọ́ nígbà gbogbo. Ní tèmi, ara le, àfi ẹsẹ̀ òsì tó kán, tí wọ́n ṣì fi símẹ́ńtì dì. Dókítà ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí n tó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo ti bá ẹsẹ̀ náà jà títí, kò dá mi lóhùn.

Mo gba lẹ́tà rẹ láàárọ̀ yìí lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà yín. O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún obìnrin tí mo rán wá láti máa jókòó tì ọ́ títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ yóò fi kò. Ọmọ mi, fara balẹ̀ ka ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí o sì kà á dé òpin. N kò rán ẹnikẹ́ni sí ọ.

O ní aago méjì ọ̀sán ló máa ń dé, nígbà tí àdúgbò bá ti pa lọ́lọ́. O ní kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé ẹ̀yìn rẹ ló máa ń jókòó sí, tí á máa fọwọ́ ra ọ́ lẹ́yìn títí oorun yóò fi gbé ọ lọ. O ní ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì ń tù ọ́ lára nínú ooru yìí. Òun ló ní kí o pa fóònù rẹ kí ìró rẹ̀ má baà dí ọmọ lọ́wọ́. Òun náà ló ní kí ọ̀rẹ́ rẹ tó ń gbé òdìkejì títì má wulẹ̀ wá mọ́, kí o fa kọ́tìnnì, kí ilé lè tòrò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni mo ti pè ọ́ látàárọ̀, kò wọlé. Mo ṣì ń rò ó pé bóyá ará ṣọ́ọ̀ṣì yín kan ló ń ṣe ọ́ lóore, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí o kọ bí ìròyìn ayọ̀, pé ọmọ tó ń ta ọ́ nípàá tọ̀sán-tòru tẹ́lẹ̀ ti wá ń sinmi, pé láti Sátidé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira mọ́. Ibẹ̀ ni lẹ́tà ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Ẹ̀mí ọmọ yẹn ni, ẹ̀mí tìrẹ náà sì ni.

Ó yẹ kí n ti sọ ìtàn yìí fún ọ tipẹ́. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. O mọ yàrá ìbímọ tí mo dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn wa, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ ń pè mí ní Ìyá Jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìbímọ ò yàtọ̀ sí ọjà. Iná funfun tó ń ta ni lójú, ilẹ̀kùn tí gbogbo ayé ń ṣí, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń jágbe mọ́ aboyún pé "Ṣé èmi ni mo fún ọ lóyún ni?" Mo rí i pé ẹ̀rù kì í jẹ́ kí obìnrin bí bọ̀rọ̀. Mo bẹ ọ̀gá wa, ó yọ̀ǹda yàrá kan fún mi lẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Mo ta kọ́tìnnì nípọnnípọn sójú fèrèsé, mo gbé iná kékeré sí kọ̀rọ̀, mo gbé àwo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, mo sì gbé àpótí ìjókòó kan sí ẹ̀yìn ibi tí aboyún máa ń kúnlẹ̀ sí, kí ènìyàn rẹ̀ lè máa bá a ra ẹ̀yìn.

Òfin mi ò ju ẹyọ kan lọ: a kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ojú la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì wọlé, ìbáà jẹ́ agbẹ̀bí, ìbáà jẹ́ ìyá ọkọ, aṣọ àwọ̀lékè aláwọ̀ ewé kan náà ni, fìlà kan náà, ìbòmú kan náà. Àwọn obìnrin ń bí wẹ́rẹ́ lóòótọ́. Àwọn agbẹ̀bí ń ti ibòmíràn wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ mi. Orí mi wú, mo ń rìn nínú ilé ìwòsàn náà bíi pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fi òfin dè pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan yàrá yẹn. Rédíò ni, obìnrin tó ń nulẹ̀ wọ́ọ̀dù wa, tó sì ń gbé tíì kiri. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ yẹn kò parọ́ mọ́ ọn. Bó bá ti wọ géètì, ẹni tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Á bi aboyún léèrè ibi tó ti ra sálúbàtà rẹ̀, á bi dókítà léèrè ìdí tí kò fi tíì gbéyàwó. Mo máa ń sọ fún un pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ìyá Jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ kí n kàn kí wọn pé ẹ kú ìrọ́jú, n ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ." Mo ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, gáàdì ẹnu ọ̀nà lòun á máa bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, aránṣọ kan ló wá bímọ, ọmọ àkọ́bí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, òun nìkan ló fẹsẹ̀ rìn wá, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi àti agbẹ̀bí kékeré kan tí a ń pè ní Onígíláàsì ni a gbà á. Ó kúnlẹ̀, ó gbé àyà lé bẹ́ẹ̀dì, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà tí mò ń fọwọ́ ni mo rí obìnrin kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ aṣọ àwọ̀lékè, ó ti de fìlà, ó ti bo imú. Mo gbójú sókè sí i, bí a ṣe máa ń béèrè níbẹ̀: ṣé ènìyàn rẹ̀ ni ọ́? Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n ọkọ aránṣọ ni. Èmi náà mi orí, mo sì nawọ́ àpótí sí i. Bí mo ṣe gbà á wọlé nìyẹn.

Wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Èmi rò pé ará ilé aránṣọ ni. Onígíláàsì rò pé ọ̀kan nínú àwọn agbẹ̀bí tó ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ mi ni. Aránṣọ ò yíjú wẹ̀yìn rárá, ó rò pé ọwọ́ mi ni ọwọ́ tó ń ra òun. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kọ́ gbogbo wọn pé a kì í béèrè ohunkóhun nínú yàrá mi.

N kò ní bù mọ́ ohun tó tẹ̀ lé e, bó ṣe rí ni n ó ṣe sọ ọ́. Ó di nǹkan bí aago méjì, oòrùn wà lójú ọ̀run, ó ń yọ lábẹ́ kọ́tìnnì. Ìrọbí aránṣọ tó ti ń ṣe lemọ́lemọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Ojú rẹ̀ tòrò, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé etí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọ tó mu ọmú yó. Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé. Nígbà tó ṣe, mo rí i pé Onígíláàsì ti fara ti ògiri, ó ń sùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Onígíláàsì tí kì í tòògbé lẹ́nu iṣẹ́ láéláé! Ìgbà náà ni mo wá kíyè sí i pé n kò gbọ́ mọ́tò kankan láti ojú títì mọ́, n kò sì gbọ́ ìró fáànù tó wà lórí mi, bẹ́ẹ̀ ó ń yí.

Mo gbé fèrè onígi tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ sí ikùn aránṣọ. Ogóje ni ọkàn náà ń lù ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó dé. Ó ti di ọgọ́rùn-ún. Mo tún un kà, ó di ọgọ́ta. Mo gbójú sókè láti wo aago ara ògiri, ojú mi sì bọ́ sórí ọwọ́ obìnrin náà. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ mi, ọwọ́ yẹn àti ohun tí mò ń gbọ́ nínú fèrè jọ ń rìn ni. Bó bá fọwọ́ ra ẹ̀yìn, ọkàn ọmọ á lù. Bó bá dáwọ́ dúró, ọkàn ọmọ á dúró dè é. Ó sì ń dáwọ́ dúró pẹ́ sí i.

O máa bi mí pé kí ló dé tí n kò figbe ta. Mo fẹ́ figbe ta. Ahọ́n mi wúwo lẹ́nu, oorun dídùn kan ń fà mí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n jẹ́wọ́, kì í ṣe oorun nìkan. Òfin mi ni, ojú ń tì mí láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rú u. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì ń wọ́ lójú mi kòrókòró.

Ilẹ̀kùn ló ṣí, tó gbá mọ́ ògiri gbàgà! Rédíò ni, ó gbé tírè dání. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Kí ló dé tí gbogbo ibí ṣe rí báyìí? Mo bá gáàdì sọ̀rọ̀, ó ń hanrun. Ife tíì mẹ́ta ni mo gbé wá: ti Ìyá Jẹ́jẹ́, ti Onígíláàsì, ti aránṣọ. Ta wá ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin yìí?" Kò dúró kí n dáhùn, ó kọjú sí obìnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, n ò mọ̀ yín o. Ta lẹ bá wá?"

Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lẹ́yìn aránṣọ, ó nà án, ó fi tọ́ka sí mi. Rédíò wò mí. Ó ní, "Ìyá Jẹ́jẹ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ni wọ́n?" Bí mo bá ní rárá, gbogbo ilé ìwòsàn á gbọ́ pé mo jẹ́ kí àjèjì jókòó sẹ́yìn aboyún fún wákàtí kan láìbi í ní nǹkan kan. Mo gbójú sílẹ̀. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, mo gbójú sílẹ̀, ọwọ́ náà sì ti ń padà bọ̀ sórí ẹ̀yìn aránṣọ. Rédíò kọ̀. Ó ní, "Ó dáa, ẹni tó ni ẹ̀yìn ló lọ̀rọ̀. Àǹtí aránṣọ, ẹ jí, ẹ yíjú wò ó. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Aránṣọ yíjú. Ariwo tó pa lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú ẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbẹ̀bí. "N ò mọ̀ ọ́n! Ẹ gbọ́wọ́ ẹ̀ kúrò lára mi! N ò mọ̀ ọ́n rí!" Inú ariwo yẹn ni ìrọbí ti padà, inú ariwo yẹn náà ni orí ọmọ ti yọ. Ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì, mo tú u. Ọmọbìnrin ni, ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kò mí. Mo ń nu ún, mo ń ta á látẹ́lẹsẹ̀, Rédíò dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti tírè, ó ń pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ: "Ké! Ké jàre! Ta ló ní kí o dákẹ́?" Ọmọ náà ké. Onígíláàsì ta jí, ó ń wá gíláàsì tó wà lójú rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì gbọ̀n mí, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe.

Ìgbà tí a wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan lórí àpótí. Rédíò ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tó ti dé, ẹnikẹ́ni ò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Aṣọ àwọ̀lékè wà lórí àpótí, fìlà àti ìbòmú wà lórí rẹ̀, okùn ẹ̀yìn aṣọ náà ṣì wà ní dídì, a ò tú u. Nígbà tí aránṣọ gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́, mo bi í ní kọ̀rọ̀ pé kí ló rí. Ó ní, "Ìyá, kò bínú rárá. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn."

Láti ọjọ́ náà ni Rédíò ti di aṣọ́nà yàrá ìbímọ. Kò sẹ́ni tó ń wọlé kó má fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó jẹ́ àti ẹni tó bá wá, kí aboyún sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé pé mo máa ń ka orí ènìyàn kí n tó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ọmọ ò mọ ohun tí ìyá yín rí.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ rẹ látàárọ̀, ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé obìnrin yẹn lè má parọ́. Ó ní èmi ni mo rán òun. Èmi ni mo mi orí sí i. Èmi ni mo fún un ní ìjókòó. Nígbà tí wọ́n bi mí bóyá tèmi ni, mo gbójú sílẹ̀. Aránṣọ sọ tirẹ̀, èmi ò sọ tèmi dòní. Nítorí náà mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́ síbí, kà á sókè ketekete nínú ilé, kò ṣe ohun tí aládùúgbò bá gbọ́: ÈMI Ò RÁN Ọ. O Ò BÁ WA WÁ. N Ò MỌ̀ Ọ́. Lẹ́yìn náà, fi ẹnu tìrẹ náà sọ ọ́.

Ọkọ̀ ọ̀nà yín tòní ti lọ tán. Ní ọ̀la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Rédíò yóò wọkọ̀, kó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ kí aago méjì tó lù. Òun ni yóò ti lẹ́tà yìí sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ. Má wẹ̀, má palẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ tààrà, kí o sì sọ fún wọn pé ọmọ ò mira dáadáa mọ́ láti Sátidé. Gbólóhùn yẹn nìkan tó, agbẹ̀bí gidi á sáré sí i. Tan fóònù rẹ, pe ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní òdìkejì títì, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kó wá jókòó tì ọ́. Bí ìrọbí bá dé, jẹ́ kí wọ́n dín iná kù tó bá ń ta ọ́ lójú. Rìn kiri, kúnlẹ̀ bó bá ṣe rọrùn fún ọ, mu omi, di ọwọ́ ẹni tí o mọ̀ mú ṣinṣin. Bí o bá fẹ́ ké, ké. Bí Rédíò bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín láàárín ìrora, rín in. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ènìyàn ní jẹ́jẹ́ ni mò ń sọ fún ọ, kò sí aboyún tó nílò kí gbogbo ilé dákẹ́. Àwọn ẹni tirẹ̀ ló nílò, kó máa gbọ́ ohùn wọn.

Mo jókòó síbí pẹ̀lú ẹsẹ̀ símẹ́ńtì bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were, àfi èmi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ọlọ́run tó mú aránṣọ yẹn bọ̀ á mú ọ bọ̀. Ikùn rẹ kò ní dákẹ́. Ọmọ á ta ọ́ nípàá kí o tó wọ mọ́tò, á sì dùn ọ́ dáadáa. Wàá bí wẹ́rẹ́, ọkọ rẹ á bá ẹ̀yin méjèèjì lókè eèpẹ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Lójoojúmọ́ ayé mi ni mo fi ń ṣe àdúrà yẹn fún ọlọ́mọ, òní ni mo mọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò tíì fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tó bó ṣe fẹ́ràn rẹ.

Àfikún: Rédíò nìkan ni mo rán. Kí o tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, yọjú lójú fèrèsé, kí o ka iye ẹni tó dúró síta. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, bi Rédíò léèrè ẹni tó bá a wá, nítorí òun náà lè rò pé ará ilé rẹ ni. Ẹ jọ pariwo, ìwọ nínú ilé, òun níta, pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, títí yóò fi ku ẹnì kan. Bó bá wá jẹ́ pé Rédíò nìkan lo rí, ṣùgbọ́n tí kò sọ̀rọ̀, má ṣílẹ̀kùn.